Asẹ́ Tuntun

Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kíláàsì kẹrin, Ìtòkò.
Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Páànù ṣì ń kán tó, tó, tó sínú korobá.
Àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọ wọn,
orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.
Èmi dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ìwé èsì mẹ́rìnlélógójì
tí ìjọba fi ránṣẹ́, tí wọ́n ní kí n túmọ̀.

Bàbá Ṣógbèsan ló kọ́kọ́ nawọ́.
"Tísà, ipò kelòó lọmọ mi ṣe?"
Mo ní kò sí ipò nínú eléyìí, sà.
Wọn ò fi ọmọ yín wé ọmọ ẹnikẹ́ni,
ohun tó yẹ kí ọmọ kíláàsì kẹrin mọ̀ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.
Ó wò mí bí ẹni tó ra bàtà
tí wọ́n wá fún ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ó dáa. Ṣé ó pàásì àbí ó fẹ́ìlì?"
Mo ya àtẹ̀gùn onípele mẹ́rin sójú pátákó:
ó ń bẹ̀rẹ̀; ó ń súnmọ́ ọn; ó dé ibẹ̀; ó ré kọjá.
Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Olúfúnwá ní, lọ́dún tó kọjá
mọ́kànléláàádọ́rin ni tòun gbà,
lọ́dún yìí wọ́n ní ó ń súnmọ́ ọn.
"Ṣé ọpọlọ ọmọ mi ń jò ni?"
Ẹ̀rín sọ. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Mo tún bẹ̀rẹ̀: òṣùwọ̀n ti yí padà, ẹ má fi tọdún yìí wé tèṣí…
Ọ̀rọ̀ mi ń lọ́, ó ń dijú
bí òwú tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ológbò.

Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà Ọ̀ṣúntókì ti dìde,
ìyá tó ń fọ́ òkúta nídìí àpáta láti ìgbà ọmọge,
tí kò mọ A yàtọ̀ sí àkàsọ̀.
Eruku funfun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
"Ẹ gbọ́. Lọ́dún tí Ẹnjiníà dé,
tó ní òkúta wa tóbi jù fún kankéré òun,
asẹ́ ló pààrọ̀. Ojú asẹ́ tuntun há.
Òkúta tó ń bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀ lánàá
jókòó sókè lọ́jọ́ náà, ó ń wò wá.
Ṣé òkúta ló wú ni?
A ò sunkún. A ò sì bú asẹ́.
A gbé òòlù."

Kíláàsì pa lọ́lọ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ka ìwé àlàyé tí wọ́n fún wa,
n kò rí gbólóhùn kan tó tó èyí níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ìyá ò tíì jókòó.
"Ta wá ni òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀, Tísà?"

Nígbà náà ni mo ka ìlà ìsàlẹ̀, èyí tí mo ti fẹ́ fò:
nínú mẹ́rìnlélógójì, mẹ́tàdínlógún ló dé ibẹ̀ nínú ìwé kíkà.
Ìwé kíkà mẹ́fà la ní. Ọmọ méje, mẹ́jọ, lórí ìwé kan;
ẹni tó bá jókòó sí ìkangun, etí ìwé nìkan ló ń rí.
Mo ní, èsì àwọn ọmọ nìkan kọ́ nìyí. Èsì tèmi náà ni.
Ẹnìkan húkọ́.
Bàbá Ṣógbèsan wolẹ̀ títí, ó ní òun ní àbúrò kan
tó ń ta ìwé ní Sápọ̀n, òun á béèrè.
Kò ṣèlérí. Ó ní òun á béèrè.

Wọ́n ń gba ìwé lọ níkọ̀ọ̀kan.
Lẹ́nu ọ̀nà, Ìbídùn ń ka tirẹ̀ sí ìyá àgbà rẹ̀ létí:
"Ó… ń… sún… súnmọ́ ọn."
Ìyá ní, tún un kà.
Ó tún un kà. Kò fà á mọ́.

Ìwé kan ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Ti Fìjàbí.
Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìmẹ̀kọ,
ìyá rẹ̀ ń ṣọ́ ọmọ jòjòló ní ọsibítù.
Nínú ìṣirò, ó ré kọjá. Òun nìkan.
Mo ká ìwé náà sí méjì, mo fi í sápò,
mo ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi sókè nítorí ẹrẹ̀,
mo bọ́ sí ọ̀nà Lafẹ́nwá.